Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ fíṣíìsì: mágínẹ́ẹ̀tì ti yí pílásímà ká, ibo looru tún ń gbà jáde?

Wẹ́ldà_Ṣàgámù
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ wẹ́ldà ni mò ń ṣe ní Ṣàgámù, ẹ̀rọ tá a fi ń gé irin, plasma cutter, ti wà lọ́wọ́ mi láti bí ọdún mẹ́ta, torí ẹ̀ tí mo bá ti rí ọ̀rọ̀ pílásímà lórí fóònù mo máa ń dúró kà á. Lálẹ́ àná mo wo fídíò kan nípa ẹ̀rọ àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní EAST, irú èyí tí wọ́n fẹ́ fi máa lẹ átọ́ọ̀mù pọ̀ bíi ti inú oòrùn kí wọ́n lè rí iná (fusion), pé ní January 2025 ó gbé pílásímà dúró fún 1,066 sẹ́kọ́ńdù, ìyẹn ń lọ sí ìṣẹ́jú méjìdínlógún, oṣù tó tẹ̀ lé e àwọn ará Faransé fi WEST tiwọn ṣe 1,337. Ó yé mi débẹ̀. Ibi tó ti dojú rú ni pé ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ ní mímú un gbóná nìkan kọ́ ni wàhálà, pé ooru ọ̀hún ń jò jáde torí rúkèrúdò inú ẹ̀, pé ohun tó sì ń bá wọn pa rúkèrúdò yẹn ni kí pílásímà máa sáré ní eré tí ò dọ́gba.

Ìbéèrè mi méjì ni. Ẹ ti fi mágínẹ́ẹ̀tì dè é, kí ló tún ń jò? Ìkejì, ṣé kì í ṣe eré yẹn gan-an ló ń dá rúkèrúdò sílẹ̀ ni? Omi tó ń sáré ló ń ru. Ẹ má fi gírámà pa mí o, wẹ́ldà ni mí.

Ìpẹru_No1
Iná tó dúró fún ìṣẹ́jú méjìdínlógún láìṣẹ́jú? Wọ́n ti ju àdúgbò wa lọ nìyẹn 😂😂

Tíṣà_Òde
Wẹ́ldà, o ṣeun. Ọmọ SS3 mi kan béèrè èyí tó jọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò dáhùn ẹ̀ dáadáa, jẹ́ kí n fi tìẹ ṣàtúnṣe.

Pílásímà tìẹ àti tiwọn, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Tìẹ lè gbóná tó 20,000 dígírì. Tiwọn, 150 mílíọ̀nù ni wọ́n ń lé fún ITER tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní gúúsù Faransé, bẹ́ẹ̀ àárín gbùngbùn oòrùn alára ò ju bíi 15 mílíọ̀nù lọ. Kò sí irin tó máa gba irú ẹ̀ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo mágínẹ́ẹ̀tì. (Mítà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó gbóná tó báyẹn ni àwọn mágínẹ́ẹ̀tì ọ̀hún wà nínú òtútù −269 dígírì o. Èmi máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá dé ibẹ̀.)

Gáàsì tó gbóná débi pé átọ́ọ̀mù ẹ̀ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni pílásímà, ion lọ́tọ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́tọ̀, gbogbo wọn ló níná lára, nǹkan tó bá sì níná lára tó kó sí agbára mágínẹ́ẹ̀tì, á máa pòòyì yí ìlà mágínẹ́ẹ̀tì ká ni. Ronú ewúrẹ́ tí wọ́n fi okùn so mọ́ wáyà gígùn kan. Ó lè sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ wáyà dé òpin, àmọ́ tó bá fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, okùn á fà á padà. Wọ́n wá ká wáyà yẹn bíi túùbù táyà kó má bàa lópin. Àwọn ará Rọ́ṣíà ló gbé e jáde ní àwọn ọdún 1950, tokamak ni wọ́n sọ ọ́.

Kí ló wá ń jò? Okùn ò já. Láti àárín tó gbóná yẹn dé etí tó tutù, nínú ITER, mítà méjì péré ni. Ohun tó ga tóyẹn tó sì wá dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ báyẹn, nǹkan ò lè jókòó jẹ́ẹ́ lórí ẹ̀. Bí ibì kan bá kàn gbóná ju ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ díẹ̀, iná ara wọn á pínyà díẹ̀, ìpínyà yẹn á ti pílásímà, ó di kó máa pòòyì bí ààjà. Ààjà kéékèèké, mìlímítà sí sẹ̀ǹtímítà, àìmọye wọn, tí ọ̀kan bá kú òmíràn á dìde, àwọn ni rúkèrúdò tí fídíò yẹn ń wí. Wọ́n ń kó gbígbóná bọ̀ níta, wọ́n ń kó tútù wọlé. Okùn ò já o, ewúrẹ́ ni wọ́n ń tú kúrò lára wáyà yìí, wọ́n ń so ó mọ́ tọ̀hún.

Ọmọ_Ẹlẹ́gààrí
Ma, ṣé mo lè fi gààrí sọ ọ́? Nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó a kì í ṣe nǹkan míì. Ẹni tó bá ń dín gààrí ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ lẹ́rán, igbá ọwọ́ ẹ̀ ló ń kó èyí tó ti gbóná nísàlẹ̀ agbada bọ̀ lókè tó ń kó tútù òkè lọ sísàlẹ̀, tó bá yíjú kí èèyàn báyìí ìsàlẹ̀ ti jóná òkè ṣì tutù. Ṣé ohun tí wọ́n ń wí ni pé pílásímà ń dín ara ẹ̀ fúnra ẹ̀, àwọn wá ń wá bí igbá ṣe máa dúró kí ìsàlẹ̀ lè jóná?

Tíṣà_Òde
Gbáà! Lọ́jọ́ Monday ni mò ń kó gààrí yìí lọ sí kíláàsì, mi ò sì ní dárúkọ ẹ 😄

Ẹ̀gbọ́n_Ìlíṣàn
Mo ti ń kà yín bọ̀ láti àárọ̀. Mo ṣiṣẹ́ omi àti páìpù títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ìbéèrè kejì Wẹ́ldà ló kàn mí, kò sì sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ lọ dúró létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Atẹ́gùn ń sáré lókè, omi ò sáré nísàlẹ̀, ibi tí wọ́n ti fara kanra ni ìgbì ti ń dìde. Nínú páìpù náà, ara ògiri omi dúró, àárín ń sáré, tí ìyàtọ̀ yẹn bá ti le jù, ó dàrú nìyẹn. Eré tí ò dọ́gba ni BÀBÁ rúkèrúdò. Ẹni tó bá wá sọ fún mi pé òun ló ń pa á, mo fẹ́ gbọ́ àlàyé ẹ̀ dáadáa.

Ìpẹru_No1
Bàbá ti fún fèrè o. Ẹ sọ̀rọ̀ ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé

Ọmọ_Òde_Ní_Jámánì
Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o, ẹ kú àgbà. Jámánì ni mo wà, iṣẹ́ pílásímà yìí ni mò ń kọ́, ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn lórí omi. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa, kí ni ààjà ń jẹ? Nínú omi yín, eré tí ò dọ́gba yẹn náà loúnjẹ ẹ̀, kò ní nǹkan míì. Nínú pílásímà, ìyàtọ̀ ìgbóná láti àárín sí etí ló ń jẹ. Eré tí ò dọ́gba kì í ṣe bàbá ẹ̀ níbẹ̀, àlejò tó wá bá a nílé ni, àlejò ọ̀hún ló ń fà á ya.

Bó ṣe ń fà á ya, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ojúde Ọba. Ká ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mẹ́wàá tò sí ìlà mẹ́wàá, gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà, wọ́n ń rìn lọ, àwo ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná wà lọ́wọ́ àwọn ìlà àkọ́kọ́ kí wọ́n máa nà án látọwọ́ dé ọwọ́ títí dé ìlà ìkẹwàá. Tí ìṣísẹ̀ gbogbo ìlà bá dọ́gba, kódà kí wọ́n máa SÁRÉ, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ìkọ́kọrẹ́ á dé ọ̀hún ní gbígbóná. Àmọ́ tí ìlà kejì bá yára ju àkọ́kọ́, tí ìkẹta tún yára ju ìkejì, ẹ̀ẹ́ nawọ́ àwo, ẹni tẹ́ ẹ nà án sí ti kọjá lọ. Àwọn tó di ara wọn lọ́wọ́ láti ìlà kan sí òmíràn á fà títí ọwọ́ á fi já. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di ara yín lọ́wọ́ yẹn ni ààjà. Ẹ kíyè sí i pé eré nìkan ò ṣe nǹkan kan, ìyàtọ̀ eré láàárín ìlà sí ìlà ló ń ṣiṣẹ́, shear ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Ó kù níbo leré ti wá. Tí agbára iná bá dábùú agbára mágínẹ́ẹ̀tì, gbogbo pílásímà, àti ion àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, á jọ gbéra lọ sápá kan náà, bí eré ẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó jẹ́ agbára iná tá a fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì pín. Ká ní fóltì 20,000 lórí mítà kan, mágínẹ́ẹ̀tì tesla 2: kìlómítà mẹ́wàá ní sẹ́kọ́ńdù kan. Létí pílásímà, láàárín sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ péré, agbára iná yìí lè ga kó tún wálẹ̀, ìlà tó wà níbí ń fò, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń rìn gbẹ̀rẹ̀.

Ìtàn ẹ̀ dùn. Lọ́dún 1982, ní Garching lẹ́bàá Munich, Fritz Wagner ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní ASDEX. Nígbà yẹn bí wọ́n bá ṣe ń da ooru sí i tó ni jíjò ẹ̀ ń le tó, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ń sú àwọn èèyàn. Wagner wá rí i pé tí ooru tó ń wọlé bá kọjá ìwọ̀n kan, lójijì, bí ẹni ti ilẹ̀kùn, jíjò etí á dín kù, pílásímà á di ooru ẹ̀ mú tó bí ìlọ́po méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà á gbọ́. H-mode ni wọ́n ń pè é dòní, èyí tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ di L-mode. EAST tí Wẹ́ldà wò yẹn, H-mode ni wọ́n fi ṣe 1,066 ẹ̀. Ọdún 1990 ni Biglari, Diamond àti Terry wá kọ ìwé tó ṣàlàyé pé eré tí ò dọ́gba létí ló ń gé àwọn ààjà, tí fífàya bá ti yára ju bí ààjà ṣe ń dàgbà, kò ní ráyè gbó kó tó ya.

Ọmọ_Ẹlẹ́gààrí
Ẹ wá lọ fi ìkọ́kọrẹ́ ṣe fíṣíìsì, ebi ti ń pa mí báyìí

Wẹ́ldà_Ṣàgámù
Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó já yẹn ló tú u palẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n Jámánì, lèsí wá ń ti àwọn ìlà yẹn kí eré wọn yàtọ̀ síra? Ṣé mọ́tò ni wọ́n fi sí i?

Ọmọ_Òde_Ní_Jámánì
Lèsí kẹ̀! Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo gbọ́ "lèsí" kẹ́yìn, ilé ń wù mí 😭

Wẹ́ldà, a lè tì í látìta, wọ́n ń yin ọ̀wọ́ átọ́ọ̀mù sínú ẹ̀ pẹ̀lú eré àsápajúdé, ó ń mú un gbóná ó sì ń yí i. Ìyàtọ̀ ìfúnpá létí náà ń ṣe tiẹ̀. Àmọ́ èyí tó dùn mọ́ èmi jù ni pé àwọn ààjà fúnra wọn ló ń bí i.

Ó rí báyìí. Tí eré kékeré kan bá wà nílẹ̀ tí ò dọ́gba, á tẹ àwọn ààjà, gbogbo wọn á dagun sápá kan náà. Ààjà tó bá ti dagun báyẹn, agbára ìyípo ẹ̀ á máa bọ́ sínú eré kékeré tó tẹ̀ ẹ́ yẹn. Eré á le sí i, á tún tẹ àwọn ààjà sí i, wọ́n á tún fún un sí i. Kí ẹ tó mọ̀, ó ti di ìlà ìlà nínú pílásímà, ọ̀kan ń lọ síwájú, èyí tó tẹ̀ lé e ń bọ̀ sẹ́yìn, zonal flow ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá ti rí àwòrán Júpítà rí, àwọn ìlà tó dì í níkùn bí aṣọ òkè yẹn, ìbátan ẹ̀ nìyẹn, ìrugùdù òfuurufú ẹ̀ ló ń bọ́ ọ.

Nígbà tí àwọn ìlà bá le tán, wọ́n á gé àwọn ààjà tó bí wọn. Ààjà á tán, ìlà ò wá rí oúnjẹ mọ́, á rọ, ààjà á tún dìde. Ọmọ Ẹlẹ́gààrí, ẹ óò ní ológbò nínú ṣọ́ọ̀bù gààrí yín. Nígbà tí èkúté bá pọ̀, ológbò á sanra á bímọ, wọ́n á jẹ èkúté tán, ebi á lé ológbò lọ, èkúté á padà dé. Bó ṣe rí náà nìyẹn. Lọ́dún 1998 àwọn ará Princeton fi kọ̀ǹpútà ńlá ṣe ìṣirò ẹ̀, wọ́n jẹ́ kí àwọn ìlà yẹn wà, wọ́n tún pa wọ́n rẹ́ nínú ìṣirò kan náà kí wọ́n lè fi wé ara wọn. Ibi tí ìlà ò sí, àwọn ààjà gùn láti ibí dé ọ̀hún, ooru ń jò yàà. Ibi tí ìlà wà, wọ́n ti gé wọn kélekèle.

Ẹ má rò pé ó ti yé wa tán o. Ooru tó yẹ kéèyàn dà sí i kó tó bọ́ sínú H-mode, a ṣì ń fojú àwọn ẹ̀rọ àtẹ̀yìnwá díwọ̀n ẹ̀ ni, kì í ṣe pé a jókòó ti ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ kó sì jáde bó ṣe yẹ.

Ọmọ_Ẹlẹ́gààrí
Ológbò tiwa ò jẹ èkúté, ẹja ló ń jẹ. Àmọ́ ó yé mi

Ẹ̀gbọ́n_Ìlíṣàn
Mo gbà fún ọ lórí oúnjẹ ààjà, àbúrò. Àlàyé tó mọ́gbọ́n dání ni. Àmọ́ mi ò tíì tán. O ní wọ́n ń yin ọ̀wọ́ sínú ẹ̀ kó lè máa yí. Ìlà mágínẹ́ẹ̀tì yín, tí mo bá rántí dáadáa, kò lọ tààrà, ó ń lọ́ bí okùn ni. Eré tó ń yí túùbù ká yẹn ò lè jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló dábùú ìlà, apá kan ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa BÁ ìlà lọ. Apá tó ń bá ìlà lọ yẹn ńkọ́? Ìlà kan ń sáré, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò sáré, omi mi nìyẹn o.

Ọmọ_Òde_Ní_Jámánì
Ẹ̀gbọ́n 🙇🏾‍♂️ ẹ ti jẹ ẹ́. Omi yín nìyẹn lóòótọ́.

Eré tó dábùú ìlà ń gé ààjà. Eré tó ń bá ìlà lọ, tó bá yàtọ̀ síra, oúnjẹ tuntun ló gbé wá fún ààjà. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀wọ́ átọ́ọ̀mù yí túùbù, méjèèjì lẹ máa rí gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò lè ra ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Ní nǹkan bí 2010 àwọn ará Oxford àti Culham ní Gẹ̀ẹ́sì ṣírò èyí dáadáa: bí ìyàtọ̀ eré bá ṣe ń pọ̀ sí i, jíjò á máa wálẹ̀, wálẹ̀, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún tì í kọjá ibẹ̀, ààjà á tún dìde, lọ́tẹ̀ yìí eré fúnra ẹ̀ ló ń bọ́ wọn. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni. Bí ìlà mágínẹ́ẹ̀tì ṣe lọ́ tó ló sì ń sọ bí iyọ̀ á ṣe pọ̀ tó.

Ẹ̀gbọ́n_Ìlíṣàn
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi ti balẹ̀.

Tíṣà_Òde
Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan sí i torí gbogbo yín ń yin H-mode bí ẹni pé kò lábùkù. Nígbà tí etí bá ti di bí ògiri, ìfúnpá á máa ga lẹ́yìn ògiri yẹn títí á fi bú, á tu ooru dànù sára irin ẹ̀rọ, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí ìdérí ìkòkò ẹ̀wà ni, ó ń fò, ó ń jókòó, ó tún ń fò. ELM ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹ̀rọ kékeré lè fara dà á, ITER ò lè gba èyí tó tóbi láìjẹ́ pé ara irin ẹ̀ bàjẹ́. Ọ̀nà kan tí wọ́n rí, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ tokamak DIII-D ní San Diego, Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ fi hàn, ni kí wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré da etí rú díẹ̀, kí ooru lè máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ dípò kó bú. Ẹ ẹ̀ rí i, jíjò tá a ń sá fún láti òkè, a tún lọ tọrọ díẹ̀ padà.

Ìpẹru_No1
Gbogbo èyí dáa. Ìgbà wo niná máa dé Ìpẹru? Bàbá mi sọ fún mi pé láti ìgbà tóun wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n ti ń sọ pé ó ku ọgbọ̀n ọdún

Adarí_Òpó
Ọ̀rọ̀ owó iná àti àwọn oníná ní òpó tiẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gba ibí.

Tíṣà_Òde
Ìpẹru, jẹ́ kí n fi epo sọ ọ́ kó lè yé ẹ. JET, ẹ̀rọ tokamak tó wà ní Culham, kó tó kógbá wọlé ní December 2023, pa 69 mẹ́gájúùlù ní bíi sẹ́kọ́ńdù márùn-ún. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ agbára inú lítà pẹtiróòlù méjì. Ohun tí wọ́n fi pa á ni 0.2 mìlígíráàmù epo tiẹ̀, o lè má rí i lórí èékánná ẹ. Àmọ́ agbára tí wọ́n dà sí i láti mú un gbóná ju ohun tó mú jáde lọ, torí náà èrè ò tíì sí. ITER ni wọ́n ṣírò pé tí wọ́n bá fi mẹ́gáwáàtì 50 mú un gbóná, 500 á jáde. Ìdí tó fi tóbi tóyẹn náà, rúkèrúdò ni. Bí ààjà ṣe tóbi tó ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà nínú ẹ̀rọ ńlá, nítorí náà bí ọ̀nà bá ṣe gùn tó láti àárín dé etí ni ooru á ṣe pẹ́ tó kó tó jáde. Ká ní kò sí ààjà ni, kò bá má tó ilé ńlá.

Ti ọgbọ̀n ọdún, mi ò ní bá bàbá ẹ jà.

Wẹ́ldà_Ṣàgámù
Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín. Nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu tí mo fẹ́ bi yín kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nínú tọ́ọ̀ṣì plasma cutter mi, òrùka kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní swirl ring, ó níhò wẹ́wẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ á máa pòòyì kó tó dé ẹnu. Lọ́jọ́ tí òrùka yẹn sán, iná ò dúró lójú kan mọ́, ó ń jó nọ́sù, ojú irin tí mo gé dagun. Ọmọ iṣẹ́ mi ní kọ́mpírẹ́sọ̀ ló ń ṣe é, èmi ní òrùka ni. Ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni, pé eré afẹ́fẹ́ yẹn ló ń di iná mú?

Ọmọ_Òde_Ní_Jámánì
Wẹ́ldà, ìwọ lo jàre ọmọ iṣẹ́ ẹ. Àmọ́ nǹkan kan náà kọ́. Nínú tọ́ọ̀ṣì ẹ, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń pòòyì, èyí tó tutù tó sì wúwo á lọ sára ògiri, èyí tó gbóná tó fúyẹ́ á dúró láàárín, ìyẹn ni ò jẹ́ kí nọ́sù jó. Tàwọn tokamak, mágínẹ́ẹ̀tì ló ń di í mú, ìyàtọ̀ eré kàn ń gé ààjà ni. Ẹ̀gbọ́n Ìlíṣàn ló yẹ kó dá ẹ lóhùn gan-an, tìẹ sún mọ́ omi tiwọn ju tèmi lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Ìlíṣàn
Ó sún mọ́ ọn. Lọ ra òrùka míì, má fi gúlúù lẹ̀ ẹ́.

Wẹ́ldà_Ṣàgámù
Mo ti rà á sà 😂 méjì ni mo rà. Mo máa ya fọ́tò èyí tó sán síbí lọ́la.

Ìpẹru_No1
Dúró ná. Wẹ́ldà Ṣàgámù, ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí n wá gbé géètì mi ní Friday tó kọjá?? Àṣé Júpítà lo wà!

Wẹ́ldà_Ṣàgámù
Ẹ̀gbọ́n, òrùka ló sán. Ẹ wá lọ́jọ́ Wednesday.